Cherán, Ìjọba Ìbílẹ̀ Tó Lé Ẹgbẹ́ Òṣèlú Jáde: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Bí ènìyàn bá gbọ́ pé ìlú kan wà ní Mẹ́síkò tí kò ní alága, tí ẹgbẹ́ òṣèlú kò gbọdọ̀ wọ̀, tí wọ́n sì ń yan olórí láìtẹ̀ka, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wí ni pé irọ́ ni. Kì í ṣe irọ́. Mo kó àwọn ìbéèrè tó sábà máa ń jẹ yọ nípa ìlú náà jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ti mọ̀ ọ́n.

Níbo gan-an ni Cherán wà?

Ìpínlẹ̀ Michoacán ló wà, ní ìwọ̀-oòrùn Mẹ́síkò, lójú ọ̀nà tó ti Uruapan lọ sí Carapan. Orí òkè ni. Ìlú náà fi nǹkan bíi 2,400 mítà ga ju òkun lọ, nítorí náà ẹni tó bá rò pé oòrùn ni gbogbo Mẹ́síkò yóò gbọ̀n jìnnìjìnnì níbẹ̀ lálẹ́. Michoacán ní ìjọba ìbílẹ̀ 113, Cherán sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn kéékèèké. Iye ènìyàn tó wà níbẹ̀ lé díẹ̀ ní 20,000 nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2020.

Ìlú ńlá ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Cherán K'eri. K'eri túmọ̀ sí ńlá, ó sì tún túmọ̀ sí àgbà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, a ṣì máa padà sí i. Ìletò kejì tó tóbi níbẹ̀ ni Santa Cruz Tanaco.

Àwọn wo ló ń gbé ibẹ̀?

Àwọn Purépecha. Ìwé àtijọ́ máa ń pè wọ́n ní Tarasco, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn kò fẹ́ràn orúkọ yẹn. Ìjọba tiwọn lọ́tọ̀ ni wọ́n ní kí àwọn Spéènì tó dé. Tzintzuntzan, létí adágún Pátzcuaro, ni olú ìlú wọn. Àwọn Asitẹ́ẹ̀kì gbógun tì wọ́n, wọn kò rí wọn mú. Ọdún 1530 ni Nuño de Guzmán, ará Spéènì, pa ọba wọn tó jẹ kẹ́yìn, Tangáxoan Kejì.

Èdè wọn kò bá èdè mìíràn kankan tan láyé. Àwọn tó ń sọ ọ́ jẹ́ nǹkan bíi 140,000. Ilé iṣẹ́ rédíò kan tó ń fi èdè náà sọ̀rọ̀, XEPUR, wà ní Cherán láti 1982. Òun làwọn àgbà ṣì fi ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, àmọ́ èdè Spéènì ti gba ẹnu púpọ̀ nínú àwọn ọmọ.

Kí ni iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Mẹ́síkò?

Kò jìnnà sí tiwa: omi, ọjà, ibi ìsìnkú, iná ojú pópó, ìdọ̀tí kíkó, ọlọ́pàá kéékèèké. Abala 115 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ló dá a sílẹ̀. Alága kan ló máa ń ṣe olórí, igbákejì kan ń bójú tó ẹjọ́ àti ohun ìní, àwọn káńsílọ̀ sì ń bẹ lẹ́yìn wọn. Ẹgbẹ́ òṣèlú ló sábà máa ń gbé gbogbo wọn wọlé.

Ìgbà wo ni Cherán di ìjọba ìbílẹ̀?

Ọdún 1861. Kó tó dìgbà yẹn, abẹ́ Nahuatzen, ìlú tó múlé gbè é, ló wà. Ṣùgbọ́n ìlú náà ti dàgbà ju ìjọba ìbílẹ̀ lọ jìnnà. Àwọn àlùfáà Franciscan ló sọ ibẹ̀ di ìlú onígbàgbọ́ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ìdí nìyẹn tí Francis Mímọ́ ará Assisi fi jẹ́ ẹni mímọ́ ìlú, tí ọdún rẹ̀ sì ń bọ́ sí 4 oṣù kẹwàá. Ọ̀kan nínú àwọn àlùfáà tí wọ́n ṣì ń dárúkọ ní gbogbo agbègbè náà ni Jacobo Daciano, ọmọ Dẹ́nímáàkì. Ọmọ Dẹ́nímáàkì lórí òkè Michoacán láyé ìgbà yẹn! Ayé ti ń lu jára wọn kí bàálù tó dé.

Ìjà lórí igbó ìlú náà, èyí tó bú jáde ní 2011, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà ìjọba Porfirio Díaz, tó parí ní 1911, ilé iṣẹ́ gẹdú kan tí Santiago Slade ń darí gba ìwé àdéhùn lórí igbó ọ̀pọ̀ ìlú Purépecha. Rélùwéè ń fẹ́ pákó, owó tó ń wọ ọwọ́ onígbó sì kéré jọjọ. Ogun ìṣọ̀tẹ̀ tún dé lẹ́yìn náà, wọ́n sì jó ilé púpọ̀ ní Cherán. Nígbà tí Ralph Beals, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá láti Amẹ́ríkà, lọ gbé níbẹ̀ ní 1940, ìlú olóko àti onígẹdú ló bá. Ohun tó kọ wà lára ohun tí àwọn ọmọ Cherán ń kà lónìí láti mọ bí baba ńlá wọn ṣe ń ṣe nǹkan.

Ta ló ni igbó náà?

Gbogbo wọn. Ilẹ̀ àjọni ni, ó tó nǹkan bíi 27,000 hẹ́kítà. Ìdílé lè ní oko tirẹ̀ nínú rẹ̀, ó lè máa fa oje igi páìnì tirẹ̀, ọmọ sì lè jogún rẹ̀, àmọ́ kò lè tà á fún àlejò. Oje yẹn ni owó ojoojúmọ́: wọ́n á há ara igi díẹ̀, wọ́n á so ife mọ́ ọn, oje á máa kán sínú rẹ̀, ilé iṣẹ́ á rà á. Igi náà kò ní kú. Igbó ló tún ń fún wọn ní igi ìdáná, olú, ewé egbòogi, pákó ilé, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, omi. Kò sí odò ńlá lórí òkè yẹn. Ilẹ̀ òkè ayọnáyèéfín ló jẹ́, òjò rọ̀, ilẹ̀ mu ún. Gbòǹgbò igi ló ń dá omi dúró tí ìsun fi ń sun.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ ní 2011?

Láti bíi 2008 ni àwọn agégẹdú ti ń ya wọ igbó náà, àwọn ọ̀daràn oníbọn sì ń dáàbò bò wọ́n. Wọn kì í yọ́ wá lóru. Ọ̀sán gangan ni ọkọ̀ ń gbé gẹdú gba àárín ìlú kọjá, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, wọ́n á tún máa fi onílé ṣe yẹ̀yẹ́. Ibi tí wọ́n bá gé tán, wọ́n á tiná bọ̀ ọ́. Àwọn kan tó lọ sí oko wọn kò padà wálé. Wọ́n pa àwọn kan, àwọn mìíràn sì wà tí ẹbí kò rí òkú wọn sin. Àwọn ará ìlú fẹjọ́ sùn títí, ìjọba dákẹ́.

Ìgbà tí wọ́n wá ń gé igi sún mọ́ La Cofradía, ìsun omi tí ènìyàn àti ẹran jọ ń mu, ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ wí pé ó tó gẹ́ẹ́. Ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì, 15 oṣù kẹrin 2011, wọ́n dúró sójú ọ̀nà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì El Calvario, wọ́n dá ọkọ̀ àwọn agégẹdú dúró. Òkúta àti igi ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì láìdúró, wọ́n yin bángà tí wọ́n máa ń yìn lọ́jọ́ ọdún, gbogbo ìlú jí gìrì. Wọ́n mú díẹ̀ nínú àwọn agégẹdú náà, wọ́n há wọn mọ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn oníbọn wá gba ènìyàn wọn, ọlọ́pàá ìjọba ìbílẹ̀ wà pẹ̀lú wọn, kì í ṣe pẹ̀lú ìlú. Ibẹ̀ ni ojú ti là. Kí ọjọ́ mélòó kan tó kọjá, alága ti sá, ọlọ́pàá ti kó ẹrù wọn, ìlú kò sì ní ìjọba kankan mọ́.

Kí ni wọ́n ń pè ní fogata?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìjọba wọn ti jáde.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀rù ń ba kálukú pé àwọn oníbọn á padà wá gbẹ̀san. Wọ́n fi àpò iyanrìn àti igi dí ẹnu ọ̀nà tó wọ ìlú, wọ́n sì dáná sí oríta kọ̀ọ̀kan. Fogata ni iná bẹ́ẹ̀ lédè Spéènì. Iye wọn sún mọ́ 200 káàkiri ìlú. Ẹnì kan kò gbọdọ̀ sùn: ìdílé tó wà ní òpópónà yẹn á jókòó yí iná ká títí ilẹ̀ á fi mọ́, wọ́n á máa ṣọ́nà.

Ní ilé Purépecha, ibi ìdáná ni wọ́n ń pè ní parangua, òkúta mẹ́ta tí wọ́n tò yí iná ká. Ààrò tiwa gan-an ni. Níbẹ̀ ni ìyá ti ń se oúnjẹ, tí bàbá àgbà ti ń pìtàn, tí wọ́n ti ń ba ọmọ tó ṣìwà hù wí, tí wọ́n ti ń fẹ́yàwó fọ́mọ. Àwa ń wí pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ohun tí àwọn obìnrin Cherán ṣe ni pé wọ́n gbé ààrò náà kúrò nínú ilé wá sí oríta, ọ̀rọ̀ inú ilé sì bá a jáde. Wọ́n ń sebẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn tó ń ṣọ́nà. Aládùúgbò tó ti yan ara wọn lódì fún ọdún mẹ́ta nítorí ẹgbẹ́ òṣèlú bá ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò kan náà. Bí òtútù ṣe ń mú lórí òkè yẹn, tí iná ń jó, kí lẹ rò pé wọ́n máa ṣe? Wọ́n sọ̀rọ̀. Ta ló yẹ kó máa ṣọ́ igbó? Owó ìlú ńkọ́? Ta ló mú àwọn oníbọn wọlé? Ohun tí iná kan bá fẹnu kò sí, aṣojú rẹ̀ á gbé e lọ sí ìpàdé àdúgbò, ti àdúgbò á sì dé ìpàdé gbogbo ìlú. Báyìí ló rí fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìlú ń ṣe àkóso ara rẹ̀ láti orí ààrò.

Kí ló dé tí wọ́n fi lé ẹgbẹ́ òṣèlú? Ṣé ìyẹn kò ti pọ̀ jù?

Ojú tí wọ́n fi wò ó yé mi. Ẹgbẹ́ òṣèlú ló pín ìlú sí méjì nígbà ìdìbò 2007, tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò kò fi kí ara wọn mọ́. Ìlú tó ti pín sí méjì ni àwọn agégẹdú bá, wọ́n sì wọlé wẹ́rẹ́. Nítorí náà, nígbà tí Michoacán ń dìbò ní oṣù kọkànlá 2011, Cherán kò jẹ́ kí wọ́n gbé àpótí ìdìbò kankan wọ ìlú. Títí di òní, kò sí pátákó olóṣèlú, kò sí fìlà ọ̀fẹ́, kò sí àpò ìrẹsì tí wọ́n ya fọ́tò ẹnì kan sí.

Ìjọba àpapọ̀ ṣe gbà fún wọn?

Ilé ẹjọ́ ló gbà fún wọn. Wọ́n kọ́kọ́ lọ bá àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ pé àwọn fẹ́ fi àṣà àwọn yan olórí, àjọ náà ní òun kò ní agbára bẹ́ẹ̀. Wọ́n bá gbé ẹjọ́ lọ sí ilé ẹjọ́ ìdìbò tó ga jùlọ ní Mẹ́síkò. Ẹ̀rí wọn ni abala kejì ìwé òfin orílẹ̀-èdè, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2001 láti fi gbà pé àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ lè ṣàkóso ara wọn, àti àdéhùn 169 ti àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé. Ní 2 oṣù kọkànlá 2011, ilé ẹjọ́ dá wọn láre nínú ẹjọ́ SUP-JDC-9167/2011. Ọjọ́ ìrántí òkú ni ọjọ́ yẹn ní Mẹ́síkò. Ọjọ́ tí wọ́n ń tan àbẹ́là fún òkú wọn ni ìdájọ́ náà bọ́ sí.

Ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi gbogbo ìlú bóyá òótọ́ ni wọ́n fẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n bi wọ́n ní 18 oṣù kejìlá, ìlú ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ ní 22 oṣù kìíní 2012, ìgbìmọ̀ gba iṣẹ́ ní 5 oṣù kejì. Lẹ́yìn náà, ìpínlẹ̀ tún ìwé òfin rẹ̀ ṣe láìfi ọ̀rọ̀ lọ Cherán. Wọ́n tún gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ, wọ́n sì tún jàre ní 2014.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yan olórí láìtẹ̀ka?

Cherán ní àdúgbò mẹ́rin: Kìíní, Kejì, Kẹta, Kẹrin. Bí àkókò bá tó, iná kọ̀ọ̀kan á dárúkọ ẹni tó mọ̀ níwà. Ènìyàn kì í dárúkọ ara rẹ̀. Ẹni tó bá ń polongo ara rẹ̀ ti ba ọjà ara rẹ̀ jẹ́. Lọ́jọ́ ìpàdé àdúgbò, àwọn tí wọ́n dárúkọ á dúró síwájú, kálukú á sì lọ tò sẹ́yìn ẹni tó bá fẹ́. Ẹni tí ìlà rẹ̀ bá gùn jù ló wọlé. Kò sí bí wọ́n ṣe lè ja àpótí gbà, torí kò sí àpótí.

Àdúgbò kọ̀ọ̀kan á mú ènìyàn mẹ́ta, gbogbo wọn á di méjìlá. Ìgbìmọ̀ náà ni K'eri Jánaskakua, ìgbìmọ̀ àgbà. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ k'eri: ẹni tí ìlú ń pè bẹ́ẹ̀ lè máà tíì hu ewú, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ìlú. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń lò, gbogbo wọn dọ́gba, kò sí alága láàárín wọn. Ẹni tó bá ṣàṣejù, ìpàdé àdúgbò tó yàn án lè dá a dúró.

Lábẹ́ wọn ni àwọn ìgbìmọ̀ kéékèèké wà: ti ilẹ̀ àjọni, ti ìdájọ́, ti iṣẹ́ ìlú, ti ètò ìrànlọ́wọ́, ti àwọn àdúgbò, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá dá ti obìnrin àti ti ọ̀dọ́ sílẹ̀.

Ta ló ń ṣọ́ ìlú?

Àwọn ọmọ ìlú fúnra wọn. Ronda comunitaria ni wọ́n ń pè wọ́n. Àṣà àtijọ́ ni, wọ́n kàn jí i dìde. Àdúgbò ló ń dárúkọ wọn bó ṣe ń dárúkọ olórí, wọ́n ń gba owó oṣù, wọ́n sì wà lẹ́nu ọ̀nà ìlú tọ̀sán tòru. Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó wà lọ́tọ̀. Ẹni tó bá mutí jà, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ lè ní kó gbálẹ̀ ìgboro. Ẹ̀sùn ìpànìyàn kò sí lọ́wọ́ wọn, ìpínlẹ̀ ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Owó ńkọ́?

Ìjọba ìbílẹ̀ lábẹ́ òfin ṣì ni Cherán, nítorí náà ó ń gba ìpín tirẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ bíi ti àwọn yòókù. Wọ́n tún ní ilé iṣẹ́ àjọni: ilé ìlagẹdú, ibi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù, ilé iṣẹ́ oje igi, àti ọgbà tí wọ́n ti ń tọ́ igi páìnì kéékèèké kí wọ́n tó lọ gbìn ín. Igi tó ń jáde níbẹ̀ lè ju mílíọ̀nù kan lọ lọ́dún. Ilé ìlagẹdú náà máa ń ya àlejò lẹ́nu, àmọ́ igi tó ti kú, èyí tí àrùn mú tàbí tí ìjì wó, ni wọ́n ń là.

Iṣẹ́ tí mo rò pé ó gbọ́n jù ni ti omi. Òkè ayọnáyèéfín kan tó ti kú, Kukundicata, wà létí ìlú. Wọ́n tẹ́ ọ̀rá líle sínú ihò orí rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di adágún tó ń gba òjò sílẹ̀. Ó lè gba 20,000 mítà oníhà mẹ́ta, ìyẹn 20 mílíọ̀nù lítà. Ọdún 2016 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Wọ́n kò sì gba oko píà láyè. Ìlú tó wà yí wọn ká ti sọ igbó di oko píà fún títà sí Amẹ́ríkà, owó ńlá sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n píà máa ń mu omi bí ẹni tí òùngbẹ ń pa, owó rẹ̀ sì ń fa ọ̀daràn.

Obìnrin ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣé wọ́n wà nínú ìgbìmọ̀?

Nínú àwọn méjìlá àkọ́kọ́, obìnrin kan ṣoṣo ló wà. Àwọn obìnrin ibẹ̀ kò dákẹ́ lórí rẹ̀: àwọn tó dúró níwájú ọkọ̀ kọ́ ló yẹ kó máa gbé tíì fún àwọn tó ń ṣèpàdé. Iye wọn ti ń pọ̀ sí i láti ìgbà náà, ìgbìmọ̀ obìnrin sì ti dé. Kò tíì tó lójú tèmi.

Ṣé wàhálà ti tán níbẹ̀?

Rárá o. Àwọn ẹbí tí wọ́n jí ènìyàn wọn gbé kò tíì rí ìdájọ́. Tanaco kì í fìgbà gbogbo bá Cherán K'eri fohùn ṣọ̀kan, owó ìjọba sì ni ìjà náà máa ń dá lé. Òṣì ṣì wà. Iná oríta pẹ̀lú kò pọ̀ mọ́ bíi ti 2011. Nígbà tí ẹ̀rù bá lọ, ènìyàn á wọlé lọ sùn. Bí ọjọ́ ìrántí bá pé ní oṣù kẹrin, gbogbo oríta á tún tàn.

Ṣé òótọ́ ni pé ìdajì ìlú wà ní Amẹ́ríkà?

Ìdajì ti pọ̀ jù, àmọ́ kò sí ilé tí kò ní ènìyàn níbẹ̀. Láti ìgbà ètò òṣìṣẹ́ oko tí ìjọba méjèèjì jọ ṣe láàárín 1942 sí 1964 ni wọ́n ti ń lọ. Àwọn kan wà ní Kalifóníà, àwọn kan ń gé igi Kérésì ní Nọ́ọ̀sì Kàrólínà. Àwọn tó ń tọ́ igi nílé ló tún lọ ń gé igi fún ẹlòmíràn níbẹ̀. Ní oṣù kẹrin 1996, tẹ̀gbọ́n tàbúrò mẹ́ta láti Cherán kú nígbà tí ọkọ̀ tí ẹ̀ṣọ́ ibodè ń lé yí dànù ní Temecula, Kalifóníà. Ìlú kò gbàgbé. Owó àwọn tó wà lọ́hùn-ún ló kọ́ púpọ̀ nínú ilé alájà tí ẹ máa rí níbẹ̀, nígbà tí wọ́n sì ń dáná oríta ní 2011, wọ́n fi owó igi àti oúnjẹ ránṣẹ́.

Ṣé ìlú mìíràn ti tẹ̀lé wọn?

Bẹ́ẹ̀ ni. Pichátaro ló kọ́kọ́ jàre ní ilé ẹjọ́ pé kí ìpín owó rẹ̀ máa wọ ọwọ́ ìlú tààrà, àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, Michoacán sì fi í sínú òfin ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ ní 2021. Ṣùgbọ́n kí a má fi ti ẹlòmíràn fún wọn: ní ìpínlẹ̀ Oaxaca, ìjọba ìbílẹ̀ tó ju 400 lọ nínú 570 ló ti ń fi àṣà yan olórí láti ọ̀rúndún tó kọjá. Ohun tuntun tí Cherán ṣe ni pé ó gba ẹ̀tọ́ náà ní ìpínlẹ̀ tí òfin kò ti mọ̀ ọ́n rí.

Bí mo bá fẹ́ lọ, ìgbà wo ló dára?

Ọdún Corpus Christi, oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà. Àwọn tó ń wá oyin inú igbó á gbé afárá oyin pẹ̀lú ilé oyin rẹ̀ kọ́ orí igi tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n á gbé e léjìká, wọ́n á máa jó wọ ìgboro, àwọn ènìyàn á sì máa yẹra torí oyin díẹ̀ ṣì lè wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ churipo, ọbẹ̀ ẹran màlúù tó pupa fún ata, pẹ̀lú corunda, àgbàdò lílọ̀ tí wọ́n fi ewé àgbàdò pọ́n tó ní igun bíi ti ìràwọ̀. Ẹni tó bá mọ ẹ̀kọ kò ní ṣàlejò rẹ̀ pẹ́. Wọ́n á dá yín dúró lẹ́nu ọ̀nà ìlú, wọ́n á bi yín pé ta lẹ wá rí. Ẹ mú aṣọ òtútù dání.